ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìsìn ti ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni. Ìbéèrè wa nìyí: Bí nǹkan bá bàjẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a mú ohun kan, tàbí ẹnì kan, kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà tí a kò tí ì mọ ohun tí ó fa ìbàjẹ́ náà? Gbogbo wa ni yóò dáhùn kíákíá pé, "Rárá, kò tọ́." Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìṣe wa dáadáa, ní ilé, ní ọjà, ní ọ́fíìsì àti nínú ìjọ pàápàá, a ó rí i pé ohun tí ẹnu wa kọ̀ ni ọwọ́ wa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn. Àwọn òyìnbó a máa fi ọkọ̀ ṣe ilé. Wọn a to ibùsùn, àpótí aṣọ, sítóòfù àti àga sí inú ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọn a sì máa rìn kiri pẹ̀lú aya àti ọmọ, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni ilé wọn. Ní ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia, tí ó wà ní ìlú Wiedenbrück, ti ń to ohun èlò ilé sí inú bọ́ọ̀sì náà. Títí di òní, àwọn ènìyàn wà ní Jámánì, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bí ẹni ń tọ́jú baba arúgbó. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni a mọ̀ sí kọ́ńbì; òun ni ọ̀pọ̀ danfó àtijọ́ ní Èkó. Ní ilẹ̀ Brazil, wọn kò dẹ́kun àtiṣe é títí di ọdún 2013.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ti àtijọ́, kì í mu omi. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú lára. Fáànù kan wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láìsinmi. Bí ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù yòókù, ohun tí ó ń béèrè kò pọ̀: epo àti afẹ́fẹ́ tí a pò pọ̀ bí ó ti yẹ, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ sí ìwọ̀n epo kan, ìfúnpọ̀ tí ó lágbára nínú sìlíńdà, àti iná tí yóò ta ní ẹnu púlọ́ọ̀gì ní àsìkò rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró.

Ìṣòro ọkọ̀ àgbà ni pé kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a kò lè fura sí. Gbogbo rẹ̀ ni ó ti gbó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá na ìka sí ohunkóhun nínú rẹ̀ yóò dà bí ọlọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń sáré dáadáa. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí oòrùn ti mú, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú sí ojú ọ̀nà. Wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó tún jí bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ó rìn díẹ̀, ó tún kú.

Àwọn olùdámọ̀ràn kì í pẹ́ dé. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Kọ́ìlì ni. Ohun tí ó ṣe tèmi nìyẹn." Ẹnì kejì ní, "Ẹ má tan ara yín, pọ́ǹpù epo ni." Ẹnì kẹta ní, "Kábúrétọ̀ ti jẹ. Ẹ lọ ra tuntun." Ẹnì kẹrin mi orí, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ti parí. Ẹ wá tòkunbọ̀ gbé sí i." Kò sí ẹni tí ó tí ì ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì wò nínú wọn. Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá ń gbé Kánò bí ti àwa, yóò mú owó, ó di ọjà Kofar Ruwa. Yóò ra kọ́ìlì, yóò ra pọ́ǹpù, yóò ra kábúrétọ̀. Yóò tò wọ́n sí i ní ọjọ́ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ yóò tún kú sí ojú ọ̀nà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tí ó lè fa àìsàn yìí. Ó tó mẹ́rin, ó kéré tán.

Èkínní ni kọ́ìlì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ agbára kékeré inú bátìrì di agbára ńlá tí ń ta iná ní ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti ń bàjẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ó tutù, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná. Bí ó bá tún tutù, yóò sọjí.

Èkejì ni epo tí ń hó nínú páìpù. Bí páìpù epo bá sún mọ́ ibi gbígbóná jù, epo inú rẹ̀ yóò di oruku. Pọ́ǹpù mọ epo fà, kò mọ oruku fà. Bí ibẹ̀ bá tutù, oruku yóò padà di epo.

Ẹ̀kẹta ni ihò èémí táǹkì. Bí epo ti ń jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí eruku bá dí ihò náà, táǹkì yóò máa fa epo mọ́ra, pọ́ǹpù kò sì ní lè borí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sinmi, afẹ́fẹ́ yóò rọra yọ́ wọlé, epo yóò sì tún ṣàn.

Ẹ̀kẹrin ni ìpẹtà inú táǹkì. Ọkọ̀ tí ó ti dúró fún ọdún púpọ̀ kì í ṣe aláìní ìpẹtà. Bí ọkọ̀ ti ń sáré, ìdọ̀tí yóò wọ́ lọ sí ẹnu páìpù, yóò sì dí i. Bí ọkọ̀ bá dúró, ìdọ̀tí yóò rọra rì padà sí ìsàlẹ̀, ọ̀nà yóò sì là.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: àmì kan ṣoṣo, ìdí mẹ́rin. Gbogbo wọn a máa pa ọkọ̀ nígbà tí ó bá gbóná, gbogbo wọn a sì máa jí i lẹ́yìn ìsinmi. Ẹni tí ó gbọ́ àmì nìkan kò tí ì gbọ́ ẹjọ́.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ èyí tí ó jẹ́? Ní ojú ọ̀nà ni a ó ti mọ̀ ọ́n, ní ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kú gan-an. Ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe. A ó ṣí ìdérí táǹkì, a ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a tú ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì jí lójú kan náà, ihò èémí ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó dé táǹkì padà, a ó mú púlọ́ọ̀gì kan tí ó dára, a ó fi í sí ẹnu wáyà, a ó gbé e lé ara irin ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí kò sí epo rárá, a ó sì ní kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ta gbọn-ìn gbọn-ìn, a ti dá kọ́ìlì láre. Bí iná kò bá ta, ọ̀nà iná ni a ó tọ̀; síbẹ̀ kì í ṣe kọ́ìlì ni a ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi. A ó wò bóyá wáyà kan tú, a ó sì wo àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ 0.4 mìlímítà. Nǹkan tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ kọ́ìlì aláìṣẹ̀ di ohun ààtàn.

Bí iná bá ta dáadáa, ọ̀nà epo ni a ó tọ̀. A ó yọ wáyà kékeré tí ń gbé iná bátìrì wá kúrò lára kọ́ìlì, kí iná má baà ta nítòsí epo. Kò gbọdọ̀ sí sìgá tàbí fìtílà ní àyíká. A ó ti ẹnu páìpù tí ń lọ sí kábúrétọ̀ bọ inú ìgò, a ó sì yí ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá ń tú jáde déédéé, a ti dá pọ́ǹpù àti táǹkì láre, ojú sì kù sí kábúrétọ̀. Bí kò bá jáde, a ó fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù àti páìpù. Bí epo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí ó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, epo tí ń hó ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó lọ wo ẹnu táǹkì bóyá ìdọ̀tí ni ó dí i. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò tó ìdajì wákàtí, owó rẹ̀ kò sì tó owó kọ́ìlì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi, ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wo ara wọn sàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹlẹ́rìí ti sá lọ nìyẹn. Bí a bá gbé ọkọ̀ tí ó ti tutù lọ bá mẹkáníìkì ní ọ̀la, kò ní bá àìsàn kankan lára rẹ̀. Ohun tí yóò kù fún un kò ju kí ó méfò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà ní tútù ni a ń béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá di í sínú fún oṣù mẹ́fà, tí ó wá tú u jáde ní ìpàdé, kò wá òótọ́ mọ́. Ẹni tí yóò jẹ̀bi ni ó ń wá.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ohun kejì, nítorí pé òun ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ kú sí ojú ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ lọ ra kọ́ìlì. Wọ́n fi wákàtí kan dúró. Wọ́n tò ó sí i, ọkọ̀ sì jí! Gbogbo ènìyàn hó yèè, wọ́n ní, "A kò wí fún yín pé kọ́ìlì ni?" Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ìbá jí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkàrà ni wọ́n lọ rà wá. Ìsinmi ni ó jí i. Láti ọjọ́ náà lọ, èrò tí kò ní ìdí ti di ìmọ̀ ní ẹnu wọn, wọn yóò sì fi gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀yà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ sàn, a kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn, àwọn méjì tí kò ṣẹ̀ sì ti bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ sí ààtàn.

Ohun kẹta ni pé ìdí máa ń ní ìdí. Ká wí pé a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì rí i pé kọ́ìlì ni ó bàjẹ́ nítòótọ́. Kí ni ó pa á? Rọ́bà kan wà tí ó yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ká, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ padà gòkè sí ibi tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́. Nínú ọkọ̀ àgbà, rọ́bà yìí sábà máa ń ti jẹ dànù, ẹnikẹ́ni kì í sì í wò ó, nítorí pé ọkọ̀ ń rìn láìsí i. Ẹ́ńjìnnì yóò wá máa mí èémí gbígbóná ara rẹ̀ sínú, gbogbo ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ yóò sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Kọ́ìlì tuntun tí a tò sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò kú bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ ronú kan fíúsì. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ni a dìídì ṣe kí ó kọ́kọ́ já bí agbára bá pọ̀ jù, kí wáyà yòókù má baà gbiná. Nígbà tí fíúsì bá já, òun kọ́ ni ó ṣẹ̀; ó kú kí ọkọ̀ má baà jóná ni. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tí ó bínú sí fíúsì, tí ó fi wáyà nípọn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó wà níbẹ̀ "ń ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́". Àwọn ènìyàn kan wà nínú ilé àti nínú iṣẹ́ tí wọ́n dà bí fíúsì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sunkún, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣàìsàn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ó ní aláìlera ni wọ́n, a ó sì wá ẹni tí ara rẹ̀ le rọ́pò wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ já kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó wà nínú kí a pààrọ̀ kí a tó mọ̀. Àwọn kan yóò wí pé ìnáwó lásán ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ẹlòmíràn méfò, tí kò sì jẹ́ kí olówó mọ̀ pé èfò ni, ti yá owó tí a kò yá a. Ẹni tí ó sọ pé, "Mo mọ̀," nígbà tí ohun tí ó yẹ kí ó wí ni, "Mo rò," ti jẹ́rìí ohun tí kò rí. Ẹni tí ó sì ju ohun tí kò ṣẹ̀ nù ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin ni, ìyà náà kéré. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ńkọ́?

Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé Gẹ́nẹ́sísì orí 18, igbe Sódómù gòkè dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo sọ pé òun yóò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó bóyá bí igbe náà ti rí ni wọ́n ṣe. Ta ni àwa tí a kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àga wa? Nínú ìwé Jóṣúà orí 22, àwọn ẹ̀yà tí ó wà lókè Jọ́dánì kọ́ pẹpẹ ńlá kan. Àwọn yòókù péjọ sí Ṣílò láti lọ bá wọn jagun, nítorí wọ́n rò pé wọ́n ti yà kúrò lẹ́yìn Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ogun tó jáde, wọ́n rán Fíníhásì àti olórí mẹ́wàá láti lọ béèrè. Wọ́n béèrè, wọ́n gbọ́ pé pẹpẹ náà kò sí fún ẹbọ rárá. Ẹ̀rí ni, kí àwọn ọmọ lẹ́yìn ọ̀la lè mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ìbéèrè kan ni ó gba ẹ̀yà méjì àti ààbọ̀ lọ́wọ́ idà.

Dáfídì ọba kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ń sá fún Ábúsálómù, Síbà wá rojọ́ ọ̀gá rẹ̀, Mẹfibóṣẹ́tì arọ, fún un. Dáfídì gbọ́ ẹnu ẹnì kan, ó sì kó gbogbo ohun ìní arọ náà fún Síbà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, tí ó gbọ́ ẹnu Mẹfibóṣẹ́tì, ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà lọ. Ẹ ka á nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 16 àti 19. Àwọn baba wa ní, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdájọ́ tí a bá yára dá kì í ṣeé dá padà tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ilé. Ìwé owó ẹgbẹ́ kò dọ́gba. Ẹgbẹ̀rún náírà ó dín ọgọ́rùn-ún, ₦900, ni kò sí. Ohùn àkọ́kọ́ nínú ìpàdé ni pé akápò ti jẹ owó. Ohùn kejì ni pé kí a yan ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń di ìwé owó mú mọ̀ pé bí iye tí ó yẹ̀ bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà kan fún èkejì: ó fẹ́ kọ ₦5,400, ó kọ ₦4,500. Bí a bá sì kọ ₦2,500 sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀, ₦5,000 ni ìwé yóò fi yẹ̀. Nítorí náà, kí a wá ìdajì iye tí ó yẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú. Wákàtí kan pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé lè dá orúkọ rere akápò padà. Bí a bá wá a tán tí owó náà sì sọnù ní tòótọ́, nígbà náà ni kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A kò wí pé kí a má ṣe dá ẹlẹ́bi lẹ́bi.

Ara ọmọ gbóná. A ti mọ oògùn ibà, a sì rà á. Bẹ́ẹ̀ ni ara gbígbóná ní ìdí púpọ̀ bí ọkọ̀ tí ó kú lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a fura sí pé ibà ń ṣe wò kí a tó fún un ní oògùn ibà. Obìnrin kò tí ì bímọ. Ọkọ àti ẹbí ọkọ ti ń wá ìyàwó mìíràn, nígbà tí ọkọ kò tí ì jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò lẹ́ẹ̀kan rí. Àwọn dókítà mọ̀ dájú pé ìdí àìrọ́mọbí lè wà lára ọkùnrin bí ó ti lè wà lára obìnrin. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwa tí a sì ń gbé ìdálẹ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju bí ó ti ń dun ẹlòmíràn lọ. Bí nǹkan bá sọnù ní àdúgbò, ta ni a kọ́kọ́ ń wò? Àlejò ni. Ìgbà tí ìlú bá gbóná, ta ni ẹ̀yà tí a kọ́kọ́ ń tú? Àwa tí a mọ bí ó ti rí kí a dájọ́ ẹni láìbéèrè, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má baà ṣe é fún ọmọ ọ̀dọ̀ wa, fún ọmọ iṣẹ́ wa, fún mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì wa, tí ó jẹ́ pé àwọn ni àlejò nínú ilé tiwa.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àtakò. Wọn yóò ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ fáànù. Bí ilẹ̀ bá ṣú mi sí àárín Mọ́kwà àti Jẹ́bà, ṣé ìwádìí ni n ó máa ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Bí òórùn epo bá ń rùn nínú ọkọ̀, a kì í wádìí kí a tó pa ẹ́ńjìnnì. A ó pa á, a ó sọ̀kalẹ̀, ìwádìí á tẹ̀ lé e. Páìpù rọ́bà epo tí ó ti gbó, kò yẹ kí a dúró kí ó tó jò. Ó ti fi iná jó ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ̀bi. Bí a bá sì yá kọ́ìlì tí ó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti fi dán ọkọ̀ wò, ìwádìí náà ni a ń ṣe, bí a bá ti pe é ní ìdánwò, tí a sì ṣe tán láti dá ti àkọ́kọ́ padà sí ipò rẹ̀ bí kò bá jẹ́ òun. Kí a ṣe ohun tí yóò dá ewu dúró, kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a sọ ìkánjú di ìdájọ́.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnu mẹkáníìkì ni ó sì ti wá. Ó ní, "Bí mo bá lo wákàtí mẹ́ta kí n tó rí wáyà kan tí ó tú, tí mo sì so ó, oníbàárà yóò ní, 'Wáyà kan péré ni ẹ so, ẹ wá ń béèrè owó?' Ṣùgbọ́n bí mo bá ra ẹ̀yà tuntun, tí mo gbé ògbólógbòó fún un lọ́wọ́, yóò sanwó, yóò sì dúpẹ́." Ẹ̀yin ará, kí ni a ó fi dá a lóhùn? Àwa ni a kọ́ ọ ní èfò. A kì í fẹ́ sanwó ojú tí ó rí i. Ọwọ́ tí ó gbé nǹkan nìkan ni a ń san án fún. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí ẹni tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, tí a ní ó fẹ́ jẹ owó wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí àgbà tí ó ní kí a pe ìkejì wá kí a tó dájọ́, tí a ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìlú tí kò bá san owó ìwádìí yóò san owó àṣìṣe, èyí a sì máa pọ̀ ju èkínní lọ.

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó tọ́ nìyí, ẹ sì gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí a fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Kí a lọ fi ojú wa wò ó nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Kí a máa dán ohun kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá rí ìdí, kí a béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a kò bá sì tí ì mọ̀, kí ẹnu wa lè wí pé, "A kò tí ì mọ̀." Gbólóhùn náà kò dójú ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bóyá ẹnì kan wà tí o ti tú kúrò ní ipò rẹ̀ nínú ọkàn rẹ, tí o kò tí ì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí oòrùn òní tó wọ̀, lọ bá a, kí o sì béèrè. Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń wádìí àti ọwọ́ tí kì í kánjú. Àmín.